Kí ló dé tí iyọ̀ ń mú ọṣẹ ki àmọ́ tó ń sọ jẹ́ẹ̀lì di omi?

ÌyáỌlọ́ṣẹ_Kàbbà

Òkun gbogbo ilé o. Kàbbà ni mo wà, ọṣẹ olómi àti jẹ́ẹ̀lì irun ni mò ń ṣe tà. Ọ̀rọ̀ kan ń rú mi lójú, mo fẹ́ kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ kẹ́mísírì bá mi tú u. Ọṣẹ tí mo bá fi texapon, ohun tó ń mú ọṣẹ olómi hó, ṣe, tí mo bá po iyọ̀ sómi tí mo ń dà á sí i díẹ̀díẹ̀, ńṣe ló máa ń ki, á máa fà dáadáa. Ṣùgbọ́n jẹ́ẹ̀lì irun tá a fi carbopol, ìyẹ̀fun tó ń mú omi ki, ṣe, iyọ̀ tí kò ju ohun tí ìka mẹ́ta lè bù lọ ló máa kàn án báyìí, gbogbo ẹ̀ á tú, á máa ṣàn. Iyọ̀ kan náà ni o, inú ike kan náà la ti ń bù ú. Àwọn tó kọ́ wa níṣẹ́ ní iyọ̀ ló ń mú nǹkan ki, wọn ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ló wá dé? Àti pé láti mú ọṣẹ ki, àwọn kan ń lo CMC, àwọn kan ń lo nitrosol, èwo ni iyọ̀ ò ní bà jẹ́ nínú méjèèjì? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé ẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí n lè fi kọ́ àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi.

TísàKẹ́mísírì_Mọ̀pà

Òkun o, ìyá wa. Ìbéèrè yìí dáa gan-an, ó sì wù mí kí gbogbo ẹni tó ń po ọṣẹ mọ̀ ọ́n, torí owó ọjà ń bá a lọ.

Ẹ jẹ́ ká ti orí carbopol bẹ̀rẹ̀. Okùn ni carbopol, okùn tínrín tó gùn tí ojú ò lè rí, òun ni wọ́n ń pè ní pólímà. Ásíìdì kéékèèké ló tò sára okùn yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Nígbà tẹ́ ẹ bá da TEA (triethanolamine, ohun tó ń pa agbára ásíìdì) sí i, ásíìdì yẹn á jọ̀wọ́ háídírójìn tó dì mú, ojú ibẹ̀ á wá ní ṣáàjì máínọ́ọ̀sì, ìyẹn iná mànàmáná kékeré tó máa ń wà lára nǹkan, oríṣi méjì ló ní, púlọ́ọ̀sì àti máínọ́ọ̀sì. Ẹ sì mọ̀ pé ṣáàjì tó jọra kì í fẹ́ súnmọ́ ara wọn, wọ́n á máa ti ara wọn ni, bí wọ́n ṣe ń tira wọn báyẹn okùn tó ká jọ tẹ́lẹ̀ á nà gbọọrọ, á gba àyè rẹpẹtẹ nínú omi, ti èyí á kan ti tọ̀hún, omi ò ní ráyè ṣàn mọ́. Ìdí tí carbopol díẹ̀ fi ń sọ omi tó pọ̀ di jẹ́ẹ̀lì nìyẹn.

Iyọ̀ wá dé. Iyọ̀ tó bá ti yọ́ sínú omi ti pín sí méjì, sódíọ̀mù tó ní ṣáàjì púlọ́ọ̀sì àti kílóráìdì tó ní máínọ́ọ̀sì. Sódíọ̀mù á lọ rọ̀gbà yí àwọn máínọ́ọ̀sì ara okùn ká. Ẹ wo ọmọ ìyá méjì tó ń bára wọn jà tí wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan, oníkálukú á sún lọ sí ìkángun tiẹ̀. Ṣùgbọ́n táwọn àgbà bá wá jókòó sáàárín wọn, kò sóhun tó ń lé wọn sá mọ́, wọ́n á padà sún wálé. Bẹ́ẹ̀ náà ni okùn yẹn ṣe máa ká jọ padà. Ó ti ká jọ, kò gba àyè mọ́, kò kan ìkejì ẹ̀ mọ́, jẹ́ẹ̀lì á tú.

Texapon ńkọ́? Texapon kì í ṣe okùn. Ẹyọ kéékèèké ni, ó lórí tó fẹ́ràn omi tó sì ní ṣáàjì máínọ́ọ̀sì, ó nírù tó kórìíra omi. Nínú omi wọ́n á kó ara wọn jọ, ìrù sínú, orí síta. Àwọn orí yẹn náà ń tira wọn, torí ẹ̀ ni àjọ wọn fi máa ń rí róbótó. Tẹ́ ẹ bá da iyọ̀ sí i, orí ò tira wọn mọ́, wọ́n á fún mọ́ra, róbótó yẹn á wá gùn, á máa gùn sí i, àwọn gígùn yẹn á lọ́ mọ́ra wọn, ọṣẹ á ki.

Nítorí náà ìyá wa, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni iyọ̀ ṣe níbi méjèèjì: ó pa títì tí ṣáàjì ń tira wọn. Ní carbopol, títì yẹn gan-an ló mú un ki. Ní texapon, títì yẹn ni ò jẹ́ kó ki.

ỌmọYàgbà_Ìsánlú

Tísà, ọpọlọ yín ò ní bà jẹ́ o. Mo ti ń po ọṣẹ tipẹ́, kò sẹ́ni tó là á fún mi báyìí rí.

Kí n fi tèmi kún un, ní ti texapon yẹn, iyọ̀ ní ibi tó máa ń dé táá yí padà. Tẹ́ ẹ bá ń dà á sí i, á ki á ki, tó bá kọjá ibì kan á tún bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, tẹ́ ẹ bá sì tún da iyọ̀ sí i pé kó lè ki, ṣe lẹ ń bà á jẹ́ lọ. Torí náà ẹ má da iyọ̀ gbígbẹ sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ pò ó sómi, ẹ máa dà á díẹ̀díẹ̀, ẹ máa rò ó, ẹ sinmi kí ó balẹ̀ kẹ́ ẹ tó tún dà. Ọṣẹ tí iyọ̀ ti pọ̀ jù nínú ẹ̀, omi àti texapon lẹ máa fi kún un, kì í ṣe iyọ̀.

ÌyáỌlọ́ṣẹ_Kàbbà

Ẹ ṣé o, Ọlọ́run á san yín lẹ́san rere. Ó ti ń yé mi. CMC àti nitrosol wá ńkọ́?

TísàKẹ́mísírì_Mọ̀pà

Ara igi àti òwú ni wọ́n ti ń mú àwọn méjèèjì jáde, ìyẹn sẹ́lúlóòsì, àmọ́ ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lára yàtọ̀. CMC ní ṣáàjì máínọ́ọ̀sì lára okùn ẹ̀. Nitrosol, tí orúkọ ẹ̀ nínú ìwé ń jẹ́ hydroxyethyl cellulose, kò ní ṣáàjì rárá. Èyí tí kò ní ṣáàjì, kí ni iyọ̀ fẹ́ pa lára ẹ̀? Ìdí nìyẹn tí àwọn ọlọ́ṣẹ fi ń sá tọ nitrosol, torí ẹ wo ohun tó ń lọ sínú ọṣẹ olómi: sóòdà, soda ash, STPP (sodium tripolyphosphate), ásíìdì tí sóòdà ti pa agbára ẹ̀, gbogbo wọn ló ń di iyọ̀ nínú omi, bẹ́ ẹ ò tiẹ̀ bu iyọ̀ ọbẹ̀ sí i rárá. CMC tó bá bọ́ sínú ẹ̀ á ki ju omi lásán lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní ki tó bó ṣe yẹ kó ki.

Kì í ṣe pé CMC ò dáa o. Iyọ̀ ò bà á jẹ́ tó bó ṣe ń ba carbopol jẹ́. Ẹ kàn gbọ́dọ̀ mọ ohun tẹ́ ẹ ń pò ọ́ mọ́.

ỌmọYàgbà_Ìsánlú

Òótọ́ ni, ètò pípò ẹ̀ sì ṣe pàtàkì gan-an. Omi lásán ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rẹ CMC sí, kó wú dáadáa, kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ títí kò fi ní kóló mọ́, lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ tó mú ohun oníyọ̀ dé ibẹ̀. Tẹ́ ẹ bá da CMC gbígbẹ sínú omi tí iyọ̀ ti wà, kò ní nà dáadáa, kò ní ki tó èyí tẹ́ ẹ kọ́kọ́ rẹ sí omi lásán, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ìwọ̀n kan náà ni gbogbo ẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ásíìdì tó le kàn án nígbà tí kò tíì sí sóòdà níbẹ̀, torí ásíìdì máa dá háídírójìn padà sára okùn, ṣáàjì á lọ, á bọ́ sísàlẹ̀.

Àǹtíaláró_Ògìdì

Òkun o. Mo kàn ń kà á lọ ni, mo wá rí i pé ọ̀rọ̀ aró ni ẹ ń sọ láì mọ̀. Àwa tá à ń ṣe àdìrẹ àti kampala níbí, tá a bá ń lo aró òyìnbó, ẹ ò lè ṣe é kẹ́ ẹ má bu iyọ̀ sómi aró, iyọ̀ tó pọ̀ dáadáa ni o. Mo máa ń bi ara mi pé kí ni iyọ̀ fẹ́ ṣe fún aró, àṣé ohun tí Tísà sọ yìí náà ni? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi fìdí ẹ̀ múlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kejì, lẹ́ẹ̀ tá a fi ń tẹ àwòrán sára aṣọ, alginate ni wọ́n fi ń ṣe é, inú ewé òkun ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Èyí tiwa, nígbà míì omi kan á mú un ṣe kóló-kóló, á dì, kò ní gba inú síkíríìnì kọjá, omi míì sì wà tó jẹ́ pé wẹ́rẹ́ ló máa yọ̀ nínú ẹ̀.

TísàKẹ́mísírì_Mọ̀pà

Òun náà ni, àǹtí. Òwú tó bá wà nínú omi ní ṣáàjì máínọ́ọ̀sì díẹ̀ lára, aró yẹn náà ní máínọ́ọ̀sì. Wọ́n ń tira wọn, aró ò fẹ́ wọ aṣọ. Iyọ̀ ló dá sí i tí aró fi súnmọ́ òwú, tó sì wọlé. Soda ash tẹ́ ẹ dà sí i lẹ́yìn náà ló ń mú kó dì mọ́ òwú pátápátá. Aṣọ tí kò mu aró tó, iyọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, yálà kò tó ni tàbí wọn ò dúró dè é.

Ti lẹ́ẹ̀ yẹn, kálísíọ̀mù ló ń ṣe é. Ọ̀rọ̀ gidi tiẹ̀ wà níbẹ̀, mo fẹ́ kí àbúrò wa tó wà ní Lọ́kọ́ja bá wa sọ ọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́_Lọ́kọ́ja

Ẹ kú iṣẹ́ o Tísà. Ẹ ti sọ èyí tó ṣòro jù tán, n ó kàn mú ìṣirò wá, torí ìṣirò ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìka mẹ́ta ìyá wa yé mi.

Ní 1923, Peter Debye àti Erich Hückel ṣírò bí agbára ṣáàjì kan ṣe ń jìnnà tó nínú omi tí iyọ̀ wà. Tẹ́ ẹ bá po iyọ̀ ọbẹ̀ gíráàmù 5.8 sínú omi líítà 1, agbára ṣáàjì ò ní lọ jìnnà ju nǹkan bíi nánómítà 1 lọ kó tó kú. Nánómítà, mìlímítà kan tẹ́ ẹ pín sọ́nà mílíọ̀nù 1 ni o. Tẹ́ ẹ bá wá dín iyọ̀ yẹn kù sí gíráàmù 0.058, ìyẹn ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, agbára yẹn máa dé nǹkan bíi nánómítà 10. Ṣé ẹ rí i? Iyọ̀ dín kù nígbà 100, ọ̀nà tí agbára ń dé gùn sí i nígbà 10 péré. Ohun tíyẹn túmọ̀ sí fún ẹni tó ń po nǹkan ni pé iyọ̀ tó kọ́kọ́ dé ló ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù. Láti orí omi tí kò níyọ̀ rárá dé orí omi tó ní ìka mẹ́ta, ibẹ̀ ni gbogbo ogun ti parí. Èyí tẹ́ ẹ fi kún un lẹ́yìn ẹ̀, kékeré ló ṣẹ́ kù tó máa bà jẹ́.

Ohun kan kí n fi ṣàtúnṣe díẹ̀ ní ti carbopol: àwọn okùn ẹ̀, wọ́n ti so wọ́n mọ́ra níbì kọ̀ọ̀kan láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é, torí náà hóró àwọ̀n kéékèèké tó ń wú ni wọ́n. Tí ṣáàjì bá ń ti àwọ̀n láti inú, hóró á wú títí á fi kan ẹnìkejì ẹ̀. Iyọ̀ ló ń mú kó sọ̀. Ìdí nìyí tó fi ń tú lójijì báyẹn ju CMC tí okùn ẹ̀ dá wà lọ.

Ní ti kálísíọ̀mù, ṣáàjì púlọ́ọ̀sì méjì ló wà lára ẹ̀, sódíọ̀mù ní ẹyọ kan. Èyí tó ní méjì lágbára ju kí ẹ kàn ṣe ìlọ́po méjì sódíọ̀mù lọ, torí ó tún lè di okùn méjì mú lẹ́ẹ̀kan náà, ọwọ́ kan níbí, ọwọ́ kan lọ́hùn-ún. Alginate fẹ́ràn kálísíọ̀mù gan-an, àwọn okùn ẹ̀ á so pọ̀ mọ́ ọn, ó ti di kóló nìyẹn. Aluminiọ́ọ̀mù tó wà nínú álọ́ọ̀mù ní mẹ́ta, tiẹ̀ tún le jù. Álọ́ọ̀mù tí àwọn ìyá wa ń fi sínú omi odò kí ìdọ̀tí lè rẹlẹ̀, ọ̀nà yẹn náà ló ń gbà ṣiṣẹ́, torí amọ̀ tó ń léfòó nínú omi ní ṣáàjì máínọ́ọ̀sì, wọ́n ń tira wọn ni wọn ò ṣe rẹlẹ̀.

ỌmọYàgbà_Ìsánlú

Háà, ẹ jẹ́ kí n lo èyí o. Tẹ́ni kan bá ta ìyẹ̀fun kan fún mi nínú ọ̀rá funfun, tó ní nitrosol ni, tí mi ò mọ̀ bóyá CMC ni, ṣé mo lè fi álọ́ọ̀mù mọ̀ ọ́n?

TísàKẹ́mísírì_Mọ̀pà

Ẹ lè fi mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹ po díẹ̀ nínú omi mímọ́ kó ki, ẹ wá yọ́ álọ́ọ̀mù sínú omi lọ́tọ̀, ẹ kán an sí i. CMC máa dì, á fúnjọ, ẹ máa rí kóló funfun. Nitrosol ò ní ṣe nǹkan kan. Gbogbo ẹni tó ń ra ẹrù ní àpò ńlá ló yẹ kó máa dán èyí wò kó tó da owó ẹ̀ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì.

Bùrọ̀dáBóhòòlù

Ẹ má bínú o, gbogbo ọ̀rọ̀ kálísíọ̀mù yìí, omi ilẹ̀ wa níbí kò níyọ̀ lẹ́nu, èmi ni mò ń gbẹ́ bóhòòlù káàkiri láti Kàbbà dé Ẹ̀gbẹ̀, omi dídùn ni. Mi ò rò pé ẹjọ́ omi ni.

TísàKẹ́mísírì_Mọ̀pà

Bùrọ̀dá, ẹnu ò lè tọ́ kálísíọ̀mù wò. Omi tó dùn lẹ́nu lè gbé kálísíọ̀mù tó pọ̀. Orí òkúta ni omi ń gbà kọjá, ibi tí òkúta mábùlù wà, bí apá Jakura àti Obajana, ohun tó jẹ́ mábùlù àti òkúta ẹfun yẹn gan-an ni kálísíọ̀mù. Ibi tó jẹ́ òkúta líle lásán yàtọ̀. Bóhòòlù méjì tí kò jìnnà síra wọn lè má bára mu. Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe ni pé kẹ́ ẹ fi ọṣẹ ìfọṣọ gbọọrọ tí wọ́n ń gé, kì í ṣe oníyẹ̀fun, dán an wò: omi tí ọṣẹ kì í tètè hó nínú ẹ̀, tó ń fi ohun funfun bí ìfófó kíkú sílẹ̀ lójú omi, kálísíọ̀mù wà níbẹ̀. Omi òjò tí ẹ gbè lẹ́yìn tí òjò ti fọ páànù mọ́ ló dáa jù fún carbopol àti alginate. Ẹ̀yin aláró, tí ẹ bá fẹ́ lo omi bóhòòlù dandan, Calgon díẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi sí i ṣáájú alginate, òun ló máa di kálísíọ̀mù mú kó má bàa rí alginate mú.

Bùrọ̀dáBóhòòlù

Mo gbọ́. Ó jọ pé ìdí nìyẹn tí CMC tá a máa ń pò mọ́ ẹrẹ̀ ìgbẹ́lẹ̀ kí kànga má bàa wó fi máa ń rọ̀ ní àwọn ibì kan. Omi tá a ń gbé lọ́kọ̀ lọ síbẹ̀ nìkan ni n ó máa lo láti pò ó.

Ìyàwó_Ẹ̀gbẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bèèrè nípa ọbẹ̀. Ilá tá a fi kánún sí á fà ju èyí tí a kò fi sí, kánún náà kì í ṣe iyọ̀ ni? Kí ló dé tí kò sọ ilá di omi?

TísàKẹ́mísírì_Mọ̀pà

Ìbéèrè tó dáa jù lónìí nìyí. Ohun tó ń fà nínú ilá, okùn pólímà tó ní ásíìdì lára ni, bíi ti carbopol. Kánún ń pa ásíìdì, bí TEA ṣe ń ṣe fún carbopol, torí náà ó ń dá ṣáàjì sílẹ̀ lára okùn ilá, okùn á nà, ilá á fà. Èyí ni ohun tó kọ́kọ́ ṣe. Iyọ̀ tó wà nínú kánún náà ń ṣe tiẹ̀ láti tú u, ṣùgbọ́n tí kánún bá mọ níwọ̀n, ìrànlọ́wọ́ ẹ̀ ju ìpalára ẹ̀ lọ. Tẹ́ ẹ bá wá fún òroǹbó wẹ́wẹ́ sínú ilá, ásíìdì yẹn máa dá háídírójìn padà sára okùn, ṣáàjì á lọ, fífà á dín kù, àwọn tí kò fẹ́ kó fà jù sì mọ̀ ọ́n. Iyọ̀ ọbẹ̀ lẹ máa fi sí i nígbẹ̀yìn.

Akẹ́kọ̀ọ́_Lọ́kọ́ja

Ẹ gbà mí láyè kí n sọ ohun kan tó máa ń ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi lẹ́nu nínú lábù. Pólímà tí kò ní ṣáàjì, tẹ́ ẹ bá ń fi omi là á, okùn kọ̀ọ̀kan kì í yí padà púpọ̀. Ti oníṣáàjì yàtọ̀. Tẹ́ ẹ bá ń fi omi tí kò níyọ̀ là á, okùn kọ̀ọ̀kan tún ń nà sí i, torí sódíọ̀mù tiẹ̀ tó yí i ká ti ń lọ jìnnà. Nítorí náà tá a bá fẹ́ wọn bí okùn ṣe gùn tó, a máa ń kọ́kọ́ bu iyọ̀ sí gbogbo ẹ̀ kí ó dúró sójú kan, tí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n ò ní tò.

Gerald Manning náà fi hàn ní 1969 pé tí ṣáàjì ara okùn bá fún jù, tí àlàfo wọn kò tó nǹkan bíi nánómítà 0.7 nínú omi, àwọn sódíọ̀mù kan á lọ lẹ̀ mọ́ okùn fúnra wọn kí iyọ̀ tiẹ̀ tó dé. Èyí ló fà á tó fi jẹ́ pé kíkó ṣáàjì lé okùn lórí ò lè mú un ki láìlópin.

ÌyáỌlọ́ṣẹ_Kàbbà

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, ẹ ti là mí lójú. Ìbéèrè mi ìkẹyìn: jẹ́ẹ̀lì irun táwọn oníbàárà fẹ́ kó ki sí i, kí ni kí n wá fi sí i tí mi ò bá ní fi iyọ̀?

ỌmọYàgbà_Ìsánlú

Carbopol gan-an ni kẹ́ ẹ fi kún, má-mi. Tí ẹ bá wà ní gíráàmù 3 nínú líítà omi 1, ẹ gbé e dé 5, ẹ kọ́kọ́ wọ́n ọn sójú omi kó mu omi, kí kóló ẹ̀ tán, lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ kán TEA sí i díẹ̀díẹ̀ títí tí bébà ìdánwò pH á fi fi nǹkan bíi 6 sí 7 hàn. TEA tó pọ̀ jù náà á mú un rọ̀ padà. Kẹ́ ẹ sì ṣọ́ra fún ohun tó ń gbé iyọ̀ wọlé láìsọ fún yín: omi aloe, àwọ̀ kan, àwọn oje ewé. Tí ẹ bá fẹ́ fi aloe sí i dandan, ẹ fi nitrosol mu ún ki dípò carbopol.

Tí jẹ́ẹ̀lì irun bá sì máa ní ohun tí wọ́n ń fi mú irun rọ̀, irú polyquaternium, ẹ má pò ó mọ́ carbopol tàbí CMC. Púlọ́ọ̀sì ni tiẹ̀, wọ́n máa lẹ̀ mọ́ra, ẹ máa rí i tó ṣe ṣákaṣàka nínú ike.

Àgbẹ̀Kajú_Ìyàrà

Ẹ kú ìjíròrò. Èmi ń tọ́jú irúgbìn kajú, wọ́n ta hóró kan fún wa tó ń mu omi wú, pé ká fi sínú ọ̀rá ilẹ̀ kí omi má bàa tètè gbẹ lọ́wọ́ ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tá a rẹ ẹ́ sómi lásán ó wú gan-an, tá a wá rẹ ẹ́ sómi tá a po NPK sí, kò wú tó ìdajì ẹ̀. Ṣé ọ̀rọ̀ yìí náà ni?

Akẹ́kọ̀ọ́_Lọ́kọ́ja

Òun gan-an ni, ẹ̀gbọ́n. Irú hóró yẹn ló wà nínú Pampers ọmọdé. Okùn oníṣáàjì tí wọ́n so pọ̀ bí àwọ̀n ni, nínú omi tí kò níyọ̀ rárá ó lè mu ìlọ́po ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìwọ̀n ara ẹ̀, àmọ́ nínú omi tí iyọ̀ ẹ̀ jọ ti ìtọ̀, nǹkan bíi ìlọ́po ọgbọ̀n sí ọgọ́ta ló máa mọ sí. NPK iyọ̀ ni, òun ló mú kó sọ̀. Omi òjò ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sí, kẹ́ ẹ pò ó mọ́ ilẹ̀ nígbà tó ti wú, kí ajílẹ̀ wá tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn tí irúgbìn ti múlẹ̀. Yúríà ò ní ṣáàjì nígbà tó kọ́kọ́ yọ́, kò ní pa á lára tó NPK lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fi í, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tó bá pẹ́ nínú ilẹ̀ á yí padà sí ohun tó ní ṣáàjì. Sódíọ̀mù àti pòtásíọ̀mù, tí omi òjò bá fọ̀ wọ́n lọ, hóró á tún wú padà. Kálísíọ̀mù lẹ máa ṣọ́ra fún jù, torí ó ń so okùn àwọ̀n yẹn pọ̀, omi lásán kì í fọ gbogbo ẹ̀ kúrò. Ajílẹ̀ tó ní kálísíọ̀mù púpọ̀ àti eérú ìdáná, ẹ jẹ́ kí wọ́n jìnnà sí ọ̀rá tí hóró yẹn wà.